Ohun Tí Ìyá Kò Sọ
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera kan ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ya àtẹ ìdílé wọn láti orí òbí àgbà: àìsàn wo ló ṣe ta ni, ọmọ ọdún mélòó ló kú?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fi fóònù bi ìyá rẹ̀. Ìyá dákẹ́ títí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ méjì ló kú kí a tó bí ọ. Egungun a máa ro wọ́n. Àbíkú la pè wọ́n."

Olùkọ́ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọbìnrin náà lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù: AS. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà, AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu ìdá kan nínú mẹ́rin pé ọmọ á jẹ́ SS.

Àwọn méjèèjì ṣì ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò dákẹ́ mọ́: ó ti pe àwọn àbúrò ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó yan ẹni tí wọn yóò fẹ́.