Erékùṣù Tí Kò Sí Mọ́tò

Níbi tí à ń gbé lẹ́yìn ìlú Detroit, kò sí ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ wa jù, mọ́tò la fi ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò. Ilé ìwòsàn, mọ́tò. A kì í tilẹ̀ ronú sí i, torí àwa méjèèjì ló ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ò mọ ọkọ̀ wà.

Ìbàdàn ni wọ́n ti wá nígbà tí a bímọ, kí wọ́n lè bá wa tọ́jú ọmọ. (Ọ̀kan nínú wa ni wọ́n bí, àmọ́ àwa méjèèjì ni wọ́n ń bá wí.) Ní Mọ́kọ́lá, Màmá kì í jókòó sójú kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n ti jáde nìyẹn. Wọn á kí ìyá ẹlẹ́kọ, wọn á bá ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ṣàwàdà, ata tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ rà á di ìrìn wákàtí kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n jáde. Àdúgbò wa ò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, etí títì ni wọ́n ń gbà. Ọkọ̀ kan dúró, obìnrin tó wà nínú rẹ̀ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ṣìnà ni, ṣé kí òun pe ọlọ́pàá. Àánú ló ṣe é, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá, a sì ní kí Màmá má dá jáde mọ́. Wọ́n ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí. Oṣù mẹ́rin gbáko.

Ká sọ òótọ́, a ò ráyè rò ó. Kóòdù làwa méjèèjì ń kọ jẹun, ọmọ ò jẹ́ ká sùn.

Nígbà tí a wá gba ìsinmi, erékùṣù Mackinac la yàn. Mákínọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ má bi wá pé kí ni “c” ìparí yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ní 1896 ni Henry Ford gbé mọ́tò àkọ́kọ́ tó ṣe jáde ní Detroit. Ní 1898, ní ìpínlẹ̀ Michigan kan náà, àwọn ará erékùṣù yìí fòfin de mọ́tò, torí àwọn tó ń fi ẹṣin kó èrò ṣàròyé pé ariwo rẹ̀ ń dẹ́rù ba ẹṣin àwọn. Òfin náà ṣì wà títí dòní. Àyàfi ọkọ̀ pàjáwìrì àti irú wọn.

A sùn ní Mackinaw City, a gbé mọ́tò wa síbẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Òórùn ẹṣin ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí 600 ẹṣin ló máa ń wà níbẹ̀: àwọn ló ń kó èrò, ẹrù òtẹ́ẹ̀lì, páálí ọtí, gbogbo ẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín títí. “Ọjà ẹran Bódìjà rèé o!” Wọ́n tọ́ fudge tí gbogbo ayé ń tò sí wò, wọ́n ní ṣúgà ọ̀hún ti pọ̀ jù.

A háyà kẹ̀kẹ́ méjì. Màmá ní àwọn á jókòó ti ọmọ lábẹ́ igi, ní pápá tó wà nísàlẹ̀ ilé odi àwọn sójà àtijọ́. “Ẹ máa lọ jàre, ẹ lọ ṣeré.” A fún wọn ní ìgò mílíìkì, a lọ.

Ọ̀nà tó yí erékùṣù náà po ń jẹ́ M-185. Ojúlówó ọ̀nà ìjọba ìpínlẹ̀ ni, nǹkan bí kìlómítà 13, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́, ẹṣin àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Omi adágún Huron wà lápá kan, igbó lápá kejì. A ń sọ̀rọ̀, a ń dákẹ́, a tún ń sọ̀rọ̀. A dúró wo Arch Rock lókè, àpáta tó lu bíi ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó ti pẹ́ tí a ti bára wa sọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlédìí àti owó ilé.

Nígbà tí a padà dé, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi.

Fóònù Màmá wà nínú báàgì ọwọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa sáré lọ sí èbúté, èkejì gba àárín ìlú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí àwa méjèèjì lọ́kàn ni pé mọ́tò ti gbá wọn. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó rántí ibi tí a wà.

Òpópónà kan lẹ́yìn ni a ti rí wọn. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn wọn fọnfọn. Àwọn àti bàbá arúgbó kan tó di ìjánu ẹṣin mú ni wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Màmá ò ju ìwọ̀nba lọ. Wọ́n nawọ́ sí wa, wọ́n sọ fún bàbá náà ní Yorùbá pé, “Àwọn ọmọ mi rèé.”

“Màmá, ẹ̀rù mà bà wá o! A ti wá yín títí.”

“Ẹ̀rù kí ni? Ṣebí ẹ ní mọ́tò ò sí níbí?” Wọ́n tún ọ̀já ọmọ so. “Ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti rìn báyìí kẹ́yìn.”

Wọn ò bínú sọ ọ́. A ò rí nǹkan kan fi dá wọn lóhùn.

Ọkọ̀ ojú omi tí a fẹ́ wọ̀ lọ, a ò wọ̀ ọ́ mọ́. Màmá ló ń mú wa kiri: obìnrin tó ń ta fìlà rèé, ìjókòó tí àwọn ti fún ọmọ lóúnjẹ rèé, ilé olódòdó yìí mà dáa o. Àwa là ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, a wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ padà sílé. Màmá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí a ya wọ àdúgbò wa ni wọ́n bi wá pé ilé obìnrin tó fẹ́ pe ọlọ́pàá yẹn dà, àwọn fẹ́ lọ kí i. A ò mọ ilé rẹ̀. A ò mọ ilé ẹnikẹ́ni.