Kí Olùyẹ̀wò Tó Dé

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìdí tí epo pupa kan fi dára ju òmíràn lọ, kò yẹ kí ó kọ́kọ́ bi obìnrin tí ó ń tà á lọ́jà. Ìdí ọ̀pẹ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀, ní ọjọ́ tí a gé ẹyìn náà sílẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ rí èyí. Ìyá tí ó bí baba mi ni ó fi hàn mí ní Ara, ìlú wa ní agbègbè Èjìgbò, nígbà tí mo wà ní ọmọdé tí mo máa ń ru omi lọ sí ẹkù rẹ̀.

Ẹkù ìyá àgbà kò tóbi. Obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Aya ilé ni àwọn kan, alágbàṣe ni àwọn ìyókù. Kò sí ìwé òfin kankan lára ògiri, ṣùgbọ́n òfin méjì wà tí gbogbo wọn mọ̀. Èkíní ni pé ẹyìn tí a gé kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ó tó wọ inú ìkòkò. Èkejì ni pé a kì í ju ẹyìn mọ́lẹ̀ gbì bí ẹni ju igi ìdáná, kí ó má baà fọ́ kí ọjọ́ sísè rẹ̀ tó pé.

Ní ìgbà kan, ìyàwó tuntun kan nínú agboolé wa kó ẹyìn tí ó ti wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án wá. Ó fẹ́ dà á mọ́ ti àwọn ìyókù, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹyìn kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Ìyá àgbà kò bú u. Ó ní kí ó sè é lọ́tọ̀, kí ó gún un lọ́tọ̀, kí ó sì ré epo rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó bu epo méjèèjì sínú igbá méjì, ó sì pè é.

“Ìyàwó wa, tọ́ èyí wò. Ó dára. Tọ́ èkejì náà wò.”

Ìyàwó tọ́ ọ wò, ó sì fa ojú ro. “Èyí kan, Ìyá. Ó ń ta mí lọ́fun.”

“Èwo nínú méjèèjì ni ìwọ yóò fi se ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀. “Mo ti gbọ́, Ìyá.” Láti ọjọ́ náà lọ, òun gan-an ni ó ń dá àwọn ọkùnrin lágara bí wọ́n bá fi ẹyìn sílẹ̀ lóko.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé ohun tí ìyá àgbà fi ahọ́n mọ̀. Ohun kan wà nínú ara ẹyìn fúnra rẹ̀ tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kété tí ẹyìn náà bá fọ́ tàbí tí ó bá ha. Òun ni ó ń tú epo ká, tí ó sì ń sọ apá kan rẹ̀ di ásíìdì. Iná ni ó ń pa á. Nítorí náà, bí ẹyìn tí ó fọ́ bá ti ń pẹ́ nílẹ̀ tó kí iná tó kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Bí ó bá sì ti di epo tán, kò sí ohun tí a lè ṣe nínú ẹkù tí yóò yọ ọ́ kúrò. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọ̀dọ́, pé kí olùyẹ̀wò kankan tó lè dé ọjà láti wo epo náà, ẹjọ́ ti parí.

Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ èyí. Ní ọdún 1949, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà tí yóò máa ra epo pupa àti èkùrọ́ fún títà sí òkè òkun. Ní 1950, àjọ náà fi gíréèdì kan kún àwọn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pè é ní gíréèdì pàtàkì. Epo tí ásíìdì inú rẹ̀ kéré ni ó lè wọ inú rẹ̀, owó tí wọ́n sì ń san lé e lórí ju ti àwọn ìyókù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ kínún ni epo tí ó yẹ fún gíréèdì yìí. Ṣùgbọ́n kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, òun ni ó pọ̀ jùlọ nínú epo tí àjọ náà ń rà. Àwọn kan máa ń sọ pé owó ni ó ṣe é. N kò jiyàn pé owó ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àpò owó ka iwájú ẹni tí kò mọ ohun tí ń ba epo jẹ́, yóò wulẹ̀ máa wò ó ni. Owó a máa mú kí ènìyàn fẹ́ ṣe iṣẹ́ dáradára. Ẹ̀kọ́ ni ó ń jẹ́ kí ó lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kòkó tún fi èyí hàn gbangba ju ti epo lọ. Ẹ̀gbọ́n baba mi kan ní oko kòkó ní ìhà Ifẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ sọ fún mi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń yẹ kòkó wò. Wọn a bu kòkó láti inú àwọn àpò, wọn a ka 300 kóró sọ́tọ̀, wọn a sì là á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń la obì. Nínú gíréèdì kìíní, kóró tí ó bu kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú 100. Èyí tí inú rẹ̀ dúdú bí síléètì kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Èyí tí kòkòrò jẹ, tí ó hù tàbí tí ó pẹlẹbẹ, tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Olùyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò láti bi àgbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí síléètì, ó mọ̀ pé a kò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó náà fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó yẹ. Bí ó bá rí èyí tí ó bu, ó mọ̀ pé a kánjú kó o kúrò nínú oòrùn. Ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ó ń kà nínú kóró náà bí ẹni ń ka ìwé. Ṣùgbọ́n kíkà ni ó lè kà á. Kò lè tún un kọ.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn àjọ tí ń ra ohun ọ̀gbìn ká. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò fún àwọn àjọ náà, nítorí pé fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi san owó fún àgbẹ̀ tí kò súnmọ́ iye tí kòkó ń mú wá ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti lọ, oríṣiríṣi oníṣòwò ya wọ inú oko. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wá ohun tí wọn yóò fi rà kí ó má baà sọ iye rẹ̀ nù. Wọ́n ra kòkó tútù, wọ́n ra kòkó gbígbẹ, iye kan náà ni wọ́n san. Àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní ní òkè òkun bàjẹ́, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ sí ti àwọn aládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n baba mi máa ń wí pé ní ọdún náà ni àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń dúró de ọjọ́ mẹ́fà fún.

Ní ọdún 1950 kan náà tí gíréèdì epo yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, irú ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ogun ti ba ilé-iṣẹ́ wọn jẹ́, àwọn ènìyàn àgbáyé sì ń fi ọjà wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í tọ́jọ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn ránṣẹ́ pe ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní William Edwards Deming, ó sì kọ́ àwọn ẹ̀ńjìníà àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí yóò máa ṣa èyí tí kò dára sọ́tọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Inú iṣẹ́ náà ni kí wọ́n ti fi dídára sí. Láti 1951 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bùn kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dá àwọn tí ó tayọ lọ́lá.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní irúgbìn ọgbọ́n yìí nílé kí àlejò náà tó dé. Sakichi Toyoda, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota, ti ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tí ó máa ń dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, nítorí pé kò sí ahunṣọ òfì kan tí òwú rẹ̀ yóò já tí yóò máa hun lọ. Yóò dúró, yóò so ó, kí ó tó tẹ̀síwájú. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n dé ìdí iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n fún òṣìṣẹ́ kékeré náà ní irú àṣẹ yẹn. Okùn kan wà lókè orí rẹ̀; bí ó bá rí ohun tí kò tọ́, yóò fà á, bí wọn kò bá sì rí i túnṣe kíákíá, iṣẹ́ yóò dúró, àwọn ọ̀gá yóò sì wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ-iṣẹ́ mélòó ni ó lè dá iṣẹ́ ọ̀gá dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tí wọn kò ní í lé e lọ?

Ìjọba wa kò ṣàì mọ̀ pé ó yẹ kí a máa kọ́ òṣìṣẹ́. Ní 1971 ni wọ́n ṣe òfin tí ó gbé Industrial Training Fund kalẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 1973 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ASCON sílẹ̀ ní Tòpó lẹ́bàá Àgbádárìgì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Jerome Udoji láti tú iṣẹ́ ìjọba wò fínnífínní. Ìròyìn tí wọ́n mú wá ní 1974 sọ púpọ̀ nípa ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ àti bí a ó ti máa fi èso iṣẹ́ díwọ̀n iṣẹ́. Ó tún dámọ̀ràn àfikún owó oṣù. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tí Údójì jẹ́, wọn yóò sì sọ fún yín pé owó ni: owó tí àwọn ènìyàn fi ra rédíò àti alùpùpù. Ìyókù ìròyìn náà kò wọ inú èdè wa.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó wà nídìí tábìlì kò rí mi fín; “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ padà wá lọ́la” ni ó ń sọ, ojú sì ń tì í. Ní ìgbà kẹta, bàbá kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì kọjá, ó dúró, ó sì bi í léèrè ohun tí ó kù nínú ìwé mi.

“Èmi kò mọ̀, sà. Wọ́n kàn ní kí n máa jókòó síbí ni.”

Bàbá náà ṣí àpótí fáìlì kan, ó sì fa ìwé kan tí ó ti pọ́n yọ. Gbogbo ohun tí ẹni tí ó bá wá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá ni ó wà níbẹ̀, ní ẹsẹ mẹ́fà. Ó jókòó tì í, ó ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan fún un, ó sì sọ ìdí tí a fi ń béèrè rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò tó ìdajì wákàtí tí mo fi gba ìwé mi. Nígbà tí mo ń jáde, wọ́n ti ń lẹ ẹ̀dà ìwé pípọ́n náà mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Mo tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìdí yìí nítorí ohun kan tí mo ń rí ní Ara. Iṣẹ́ gàárì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, ohun kan wà tí ó lè di májèlé. Bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ń dì í sínú àpò kí omi rẹ̀ lè fún dànù, tí a sì ń yan án, ni májèlé náà ń jáde. Ẹni tí ó bá ń kánjú bá ọjà a máa gé ọjọ́ àpò náà kúrú, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ gàárì rẹ̀ hàn. Àjọ NAFDAC wà, tí òfin 1993 gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó sí ìdí ààrò gbogbo. Ẹ sì wò ó: nídìí epo, ìdúró ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, nídìí gàárì, ìkánjú ni. Ọmọ tí a bá kàn pàṣẹ fún pé kí ó yára nídìí epo, tí a kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, òun náà ni yóò lọ yára nídìí gàárì.

Ní sáà tí ó kọjá, mo rán àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí àpò ń lò lábẹ́ òkúta, àti ìdí rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó mú iye ọjọ́ wá. Ìdí ni kò pọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ ọ́ pé ìyá arúgbó kan mú ọwọ́ òun, ó fi bọ inú àpò ọjọ́ kìíní, ó ní kí òun gbóòórùn rẹ̀, ó sì tún fi bọ inú ti ọjọ́ kẹta. Ó kọ òórùn méjèèjì sílẹ̀ bí ó ti lè ṣe é tó. Mo ti ní kí ó mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa, kí ó bi í léèrè ohun tí ó yí padà nínú àpò náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn.