Ojú tó ń ta ẹni nídìí iṣẹ́: ìsinmi ló ń fẹ́, kì í ṣe oògùn

Obìnrin kan wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú títì tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1976 ló ń kó oníbàárà wá bá a. Bí ìgbà pírójẹ́ẹ̀tì bá ti dé, àtàárọ̀ dòru ni yóò máa tẹ̀wé. Bí iná bá lọ, á tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró.

Ìgbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Á máa yún un, á máa ṣomi, lẹ́tà á di méjì méjì, orí á sì máa fọ́ ọ. Kí ni ìyá yìí ṣe? Kẹ́mísì ló gbà lọ, ó ra oògùn ojú, ó ń kán an. Nígbà tí kò lọ, aládùúgbò kan ní kó fi omi ṣúgà fọ̀ ọ́. Díẹ̀ ló kù kó gbà!

Àfi lọ́jọ́ tó ṣi orúkọ lékíṣọ̀ kan kọ níwájú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, tí wọ́n dá gbogbo ìwé náà padà. Àyà ẹ̀ já. Ó ní, "Ojú yìí náà ni mo fi ń jẹun o." Ló bá wá dókítà ojú lọ.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Mọ́mì, ojú yín ò ṣàìsàn o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Àṣé ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó. Ojú tó máa ń ṣẹ́ bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan lè máà ṣẹ́ tó ìdajì ìyẹn mọ́, ni yóò bá gbẹ. Iṣan tó ń jẹ́ ká rí ohun tó sún mọ́ni náà á wà ní fífà láìsinmi, bí ẹni gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání látàárọ̀.

Dókítà ní, ní ìṣẹ́jú 20 síra wọn, kó gbójú sókè, kó wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kó sì máa rántí ṣẹ́jú. Kó gbé kọ̀ǹpútà jìnnà tó ibi tí ọwọ́ lè nà dé, kó má ga ju ojú lọ. Kó yí tábìlì, kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà má tàn sójú kọ̀ǹpútà. Kó má kọjú sí fáànù. Kó sì jẹ́ kí lẹ́tà tóbi.

Oògùn kẹ́mísì yẹn ńkọ́? Ó ní kó jù ú nù. Steroid wà nínú òmíràn, téèyàn bá ń kán an lọ láìsí dókítà, ó lè dá glaucoma sílẹ̀. Glaucoma yìí kì í sábà dunni, ohun tó bá sì ti bà jẹ́ lójú ò ṣeé tún ṣe mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará báǹkì, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin akọ̀wé, tẹ́ ẹ bá ti pé 40 ọdún, ẹ lọ yẹ ojú wò. Ẹ má ra awò ojú nínú gósílóò. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta, ń wo ojú.

Ìyá yẹn ṣì ń tẹ̀wé. Igi máńgòrò òdìkejì títì ló máa ń wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Mọ́mì, ta lẹ̀ ń retí?" Á ní, "Ojú mi ni. Mo ní kó lọ najú díẹ̀, ó ń bọ̀."