Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Jẹ́ Nàìjíríà

Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àṣà ìsọmọlórúkọ, mo wí fún wọn pé ẹni tó bá ni ọmọ ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní: 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wá ni Nàìjíríà, nígbà tí kì í ṣe àwa la sọ ọ́ lórúkọ?' Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé akọ̀ròyìn obìnrin kan, Flora Shaw, ló dábàá orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn The Times lọ́dún 1897. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ìbéèrè náà mú wá sí mi lọ́kàn: ẹ́ńjìnnì rélùwéè kan tó jẹ́ orúkọ wa ní ìlú Ọba.

Láàrin ọdún 1934 sí 1936 ni iléeṣẹ́ rélùwéè London, Midland and Scottish ṣe ẹ́ńjìnnì 191 tí ń fi ooru omi híhó ṣiṣẹ́. William Stanier ni ọ̀gá tó ya àwòrán wọn. Bí ó ti jẹ́ pé ọdún 1935 ni Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n sọ ọ̀kan nínú wọn ní Silver Jubilee, gbogbo ọ̀wọ́ náà sì di Jubilee. Bí àwa náà ti ń sọ ọmọ tí a bí lásìkò ọdún ní Abíọ́dún nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ń fi àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba wọn sọ àwọn ẹ́ńjìnnì náà lórúkọ: Sierra Leone, Uganda, Trinidad. Nọ́ńbà 5619 ni Nigeria. Nígbà tí ìjọba gba rélùwéè lọ́dún 1948, ó di 45619.

Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe tiwa o. Bí wọ́n tilẹ̀ gbé e wá sí Ìdó nígbà náà, kò ní lè rìn, nítorí ojú irin tiwọn fẹ̀ ju tiwa ìgbà náà lọ: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íńǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀ ni tiwọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńǹṣì mẹ́fà ni tiwa nígbà náà. Àwọn ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì ló ń rí i. Wọ́n a dúró lẹ́bàá ojú irin, ìwé pélébé tí Ian Allan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ́dún 1942 lọ́wọ́ wọn, wọn a máa fàlà sábẹ́ nọ́ńbà èyí tí wọ́n bá ti rí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ka orúkọ wa lára irin kí wọ́n tó rí i lórí àwòrán ayé.

Àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà ní àṣà tiwọn. Ilé ńláńlá àti ọba ni Great Western fẹ́ràn. Nigel Gresley ti London and North Eastern fi orúkọ ẹṣin eré ìje àti ti ẹyẹ sọ tirẹ̀. Mallard, irú pẹ́pẹ́yẹ kan, ló sá máìlì 126 ní wákàtí kan lọ́jọ́ kẹta oṣù Keje, 1938. Èyí tó wù mí jù ni ti Southern: ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi sọ ẹ́ńjìnnì 40 lórúkọ, wọn a sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ibùdókọ̀ wá wo èyí tó jẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Black Five, ẹrú iṣẹ́ gidi, tí iye rẹ̀ jẹ́ 842, kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ tó lórúkọ nínú wọn. Ìnagijẹ lásán ni wọ́n fi ń pè é, nítorí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún.

Ọ̀kan nínú àwọn Jubilee ń jẹ́ Gold Coast. Ìlú náà gba òmìnira lọ́dún 1957, ó yan orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó di 1958, wọ́n yọ àwo orúkọ àtijọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n kan Ghana mọ́ ọn. Lọ́dún 1960, òmìnira kàn wá, a kò yí orúkọ padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní ìdí láti fọwọ́ kan àwo ti 45619. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù nínú ọ̀wọ́ náà lónìí: Kolhapur, Bahamas, Leander àti Galatea. Nigeria ti di irin àlòkù.

Nígbà tí mo padà sí kíláàsì, ìtàn Gold Coast ni mo fi dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lóhùn. Ó ní kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Mo gbà fún un.