Gílóòbù Ló Kú, Ṣùgbọ́n Ta Ló Pa Á?

Bí iná òpópónà bá kú, gílóòbù ni gbogbo ayé máa ń bú. Wọn yóò ní ayédèrú ni, wọn yóò ní ẹni tó rà á ti kówó jẹ. Ọ̀rọ̀ náà lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí ayédèrú kún ọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pààrọ̀ gílóòbù kan, tí òmíràn tún kú lórí òpó kan náà láàárín oṣù díẹ̀, tí wọ́n tún gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gílóòbù nìkan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tẹnu òpó náà pẹ̀lú.

Libreville, olú-ìlú Gabon, jẹ́ ibi tó yẹ kí èèyàn ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Àwọn ọmọ Yorùbá, láti Nàìjíríà àti láti ilẹ̀ Benin, ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́. Ìlú náà kò jìnnà tó kìlómítà 50 sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, òru ibẹ̀ kì í yẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi wákàtí 12. Ẹni tó bá pátẹ sí ọjà ńlá Mont-Bouët, tí kò sì tètè palẹ̀ mọ́, inú òkùnkùn ni yóò gbà délé bí òpó iná kò bá ṣiṣẹ́. Gọ́tà ń bẹ lẹ́bàá ọ̀nà, mọ́tò ń sáré, àwọn ẹni ibi náà sì mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò sí.

Irú gílóòbù tí wọ́n ti lò jù sójú títì nílẹ̀ Áfíríkà ni ti sódíọ̀mù, èyí tó máa ń tàn bí ọsàn pípọ́n. Kò dà bí gílóòbù inú yàrá àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú. Inú ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n dí pa ni iná ti ń là kọjá láti ẹnu irin kan sí ẹnu èkejì. Kò sì lè dá a ṣe. Ó nílò ignitor, tí yóò fi agbára iná tó ju 2,000 fóòtì lọ ta á jí. Ó nílò ballast, tí àwọn oníná ń pè ní choke, tí yóò di iná mú kó má baà ya wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Ó nílò capacitor pẹ̀lú, tí kì í jẹ́ kí òpó fa iná láìnídìí. Gbogbo wọn fara pamọ́ sínú òpó tàbí sínú àpótí orí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, gílóòbù ni yóò ru ẹ̀bi, nítorí òun nìkan lojú ń rí.

Àwọn tó ń ṣe gílóòbù yìí sábà máa ń ní ó lè lo wákàtí 24,000. Bó bá ń tàn fún wákàtí 12 lóru kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju ọdún márùn-ún lọ. Èyí tó bá kú ní oṣù mẹ́jọ kò tíì lo wákàtí 3,000. Ikú àìtọ́jọ́ ni, ó sì yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀.

Afurasí àkọ́kọ́ ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìṣirò wákàtí 24,000 yẹn dúró lórí pé bí gílóòbù bá ti tàn nírọ̀lẹ́, yóò tàn fún nǹkan bíi wákàtí 10 kó tó sinmi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta á jí ló ń jẹ lára irin ẹnu rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, ọ̀pá inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kó tó lè tún tàn, ignitor yóò sì máa ta á lórí títí yóò fi gbà. Ní 2024, iná ń lọ lemọ́lemọ́ ní Libreville, débi pé ní 2025, ìjọba Gabon yíjú sí ilé-iṣẹ́ Karpowership ti ilẹ̀ Turkey, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi pèsè iná. Ará Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò nílò àlàyé lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Afurasí kejì ni iná tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí 220 fóòtì bá di 250 lọ́gànjọ́ òru nígbà tí àwọn èèyàn ti pa ẹ̀rọ wọn, gílóòbù yóò gbóná ju agbára rẹ̀ lọ. Afurasí kẹta ni àìbáramu: kí oníná gbé gílóòbù 250 wáàtì sórí ballast 400 wáàtì nítorí pé òun ló rí. Yóò tàn, yóò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n iná àjókú ni. Ẹ̀kẹrin ni omi. Òjò Libreville pọ̀, atẹ́gùn òkun sì ń gbé iyọ̀ wá sójú títì etí omi. Bí rọ́bà ìdérí bá ti gbẹ, omi yóò wọlé, ìdí gílóòbù yóò dípẹtà, iná yóò sì máa já níbi tí kò ti fìdí múlẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni photocell, ojú tó ń mọ̀gbà tí ilẹ̀ ṣú. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀ mìíràn, yóò máa tan iná, yóò máa pa á, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Kòkòrò tí ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Oníná tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé gílóòbù sókè sára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà méfò lọ́jọ́ iwájú. Bó bá kú, yóò gbé e sórí òpó mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí wáàtì wọn bára mu. Bó bá tàn níbẹ̀, kò kú rárá, ignitor tàbí wáyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ gílóòbù alààyè ni wọ́n ti jù sí ààtàn báyìí. Bí kò bá tàn, tí igun méjèèjì ọ̀pá inú rẹ̀ sì ti dúdú láìtíì pẹ́, kí wọ́n wo nọ́ńbà ara ballast, kí wọ́n sì wọn iná ní ọ̀sán àti ní òru. Kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n sì jẹ́ kí capacitor tú agbára rẹ̀ dànù, nítorí ó lè pa èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa iná. Gílóòbù tó ń kú tó ń jí, arúgbó ni. Kí wọ́n tètè yọ ọ́, kó má baà pa ignitor pẹ̀lú. Kí wọ́n má ṣe fọ́ ọ, májèlé mẹ́kúrì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Àwọn kan yóò ní ayé LED la wà báyìí, kí wọ́n kó ti àtijọ́ dànù. LED dára, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀rọ kékeré tó ń bọ́ ọ níná, iná tó ga lójijì àti omi òjò sì ń pa ìyẹn pẹ̀lú. Ìlú tí kò bá wádìí ikú gílóòbù àkọ́kọ́ yóò sin LED lẹ́yìn rẹ̀, owó ará ìlú ni yóò sì fi ra pósí.

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ iná ìlú, ì báà jẹ́ ní Libreville tàbí ní Abẹ́òkúta, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó gílóòbù kẹta láìbéèrè ohun tó pa méjì ìṣáájú. Ìbéèrè yẹn kò náni ní kọ́bọ̀. Àìbéèrè rẹ̀ ló ń kó àwọn èèyàn sínú òkùnkùn.