Òǹkà Ara Páálí Kọ́ Ni Ìmọ́lẹ̀ Tọ́ọ̀ṣì

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Òsì, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn ìletò tó yí wọn ká, tọ́ọ̀ṣì ni ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣọ́ orí wọn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Iná mànàmáná kì í ṣe ohun tí a lè gbọ́kàn lé, epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí, ọ̀nà oko sì gba àárín àpáta àti igbó kọjá. Àgbẹ̀ tó pẹ́ lóko, ìyá tó fẹ́ jáde sẹ́yìnkùlé lóru, ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a yẹ ohun kékeré yìí wò bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò: kí ló ṣèlérí, kí ló sì ṣe?

Ọ̀rọ̀ òru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lágbègbè yìí mọ́. Ní ọjọ́ 1, oṣù kejì, ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì pa ọba ìlú náà, Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Eruku nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọgbó. Ènìyàn 38 ni ìjọba kéde pé wọ́n gba ìtúsílẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Tọ́ọ̀ṣì kò lè dá agbébọn dúró, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ìlú lóru ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ohun tó dì mú lè fi ènìyàn hàn án kí onítọ̀hún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo ra méjì láti fi wọ́n wéra. Èkíní tóbi, ike ni wọ́n fi ṣe é, ó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bíi kẹ́tù, bátìrì òjé ló sì wà nínú rẹ̀. Èkejì kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, bátìrì lithium kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, ló sì ń lò. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí èkejì yìí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100,000 lumen, àti pé ó ń tàn dé 2,000 mítà. N kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é, nítorí irọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Orí àtẹ wo ni a dé tí a kò bá irú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Lumen ni òṣùwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì ń mú nǹkan bí 800 lumen jáde. Ẹni tó bá ní òun ń ta 100,000 ń sọ fún wa pé gílóòbù 125 ló wà nínú ọ̀pá tí a lè tì bọ àpò. Iná LED tó dára ń mú nǹkan bí 100 lumen jáde lórí wáàtì kan. Nítorí náà, 100,000 lumen yóò gba 1,000 wáàtì, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Ọwọ́ wo ni yóò di irú ooru bẹ́ẹ̀ mú? Ojúlówó bátìrì 18650 kì í sábà ju 3,500 mAh lọ. Ní vólì 3.7, agbára inú rẹ̀ lè gbé iná wáàtì 13 fún nǹkan bíi wákàtí kan péré. Ẹni tó bá kọ 9,900 mAh sí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lára, afẹ́fẹ́ ló ń tà.

Kì í ṣe pé iná LED fúnra rẹ̀ kò níyì. Nick Holonyak ṣe LED pupa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n jẹ́ ọmọ bíbí Japan, tó fún ayé ní aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Láìsí búlúù, kò sí funfun: èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi bo búlúù ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di funfun. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 2014 fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá rántí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ńlá méjì ayé àtijọ́, tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n tí ó sì máa ń rẹ̀ kí a tó délé, mọ̀ pé àǹfààní ńlá ni.

Ní ti jíjìn, àwọn tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò sórí ìlànà kan láti ọdún 2009, tí wọ́n ń pè ní ANSI FL 1. Ìlànà náà sọ pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín kù dé 0.25 lux, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú, ni òpin ibi tí tọ́ọ̀ṣì dé. Kí tọ́ọ̀ṣì tó dé 200 mítà, ìtànṣán rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10,000 candela. Kí ó tó dé 2,000 mítà, ó gbọ́dọ̀ tó 1,000,000. Bí jíjìn bá di ìlọ́po mẹ́wàá, agbára tó fẹ́ á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Mo gbé méjèèjì lọ sí pápá kan ní Òsì lóru tí kò sí òṣùpá. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ dúdú, kí ó máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ó dé ìṣísẹ̀ 70, tọ́ọ̀ṣì oníke kò jẹ́ kí n mọ̀ mọ́ bóyá ènìyàn ni tàbí kùkùté. Èyí kékeré ṣe é dé ìṣísẹ̀ 130. Ó dára, ṣùgbọ́n 2,000 mítà ṣì jìnnà réré. Ní ti pípẹ́, oníke mọ́lẹ̀ kedere fún ìṣẹ́jú 50, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Èyí kékeré lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20 ní ìpele tó ga jù, ó sì lé ní wákàtí márùn-ún ní ìpele àárín.

Bàbá ọdẹ kan ní Ìlọ́fà, tó ti fi àtùpà kábáìdì ṣọdẹ rí, gba tọ́ọ̀ṣì kékeré náà lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn án sí. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò ní wo bó ṣe jìn tó ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ejò, kì í ṣe ojú.” Wọ́n fi hàn mí pé àárín ìmọ́lẹ̀ náà funfun jù, etí rẹ̀ sì ṣú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó tẹjú mọ́ àárín kò ní rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kábáìdì kì í tàn jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà wúwo. Ní ọdún 2017, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi oró ejò kún àwọn àrùn tí aráyé pa tì. Wọ́n ṣírò pé ènìyàn 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, ìgbèríko sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá fún ẹsẹ̀. Àárín ewé gbígbẹ ló ń dùbúlẹ̀ sí, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ewé. Ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń ṣe búlúù máa ń mú kí ewé, erùpẹ̀ àti ejò jọ eérú kan náà. Lásìkò ọyẹ́, ó tún máa ń ta padà lára eruku sí ojú ẹni tó mú un lọ́wọ́. Èyí tó pọ́n díẹ̀ bíi ti fìtílà sàn fún ọ̀nà oko, bí lumen rẹ̀ tilẹ̀ dín díẹ̀.

Òsì ni ìlú Arẹógún, gbajúgbajà agbẹ́gilére tó papò dà ní ọdún 1954, tí Bándélé ọmọ rẹ̀ sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Níbi tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde, kò yẹ kí a máa gba iṣẹ́ jákujàku. Bọ́tìnnì tọ́ọ̀ṣì kékeré náà ni àléébù rẹ̀ tó burú jù: kí a tó lè pa iná, a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá ìpele tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Fún ẹni tó ń ṣọ́ ìlú nínú òkùnkùn, ìṣẹ́jú yẹn ń kéde ibi tó wà fún ọ̀tá. Ara rẹ̀ rí roboto, nítorí náà ó ń yí gbirigbiri kúrò lórí òkúta. Àmọ́ dígí rẹ̀ wọnú díẹ̀, kò sì fọ́ nígbà tí mo jẹ́ kó já bọ́ láti ìwọ̀n mítà kan. Okùn ṣáájì fóònù bá ihò rẹ̀ mu, ibi tí a bá sì ti ń gba iná sólà sí fóònù, a lè gba tirẹ̀ níbẹ̀.

Oníke ńlá kò ní wàhálà bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n bátìrì òjé kì í fẹ́ kí a pa òun tì. Bí iná inú rẹ̀ bá tán tí a sì gbé e jù sí kọ̀rọ̀ fún oṣù díẹ̀, èèpá líle á bo òjé náà, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Ẹni tí iná mànàmáná kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń ta irú rẹ̀ fún jù.

Ìdájọ́ mi ni pé èyí kékeré sàn, pẹ̀lú gbogbo irọ́ ara páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kò fàyè gba irọ́ nípa ọjà, iṣẹ́ àjọ SON sì ni láti ṣọ́ bí ọjà ṣe dára tó. Ó yẹ kí wọ́n máa yẹ páálí tọ́ọ̀ṣì wò ní èbúté kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wọn lumen. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ má ka òǹkà. Ẹ ní kí oníṣòwò tàn án sílẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ wo etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo bí ewé tútù àti ewé gbígbẹ ṣe yàtọ̀ síra lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wo iye ìgbà tí ẹ óò tẹ bọ́tìnnì kí ó tó kú. Bí ó bá kọ̀ láti tàn án, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.