Ojú Rógódó, Ojú Rògòdò

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí, ojú, ni Yorùbá fi ń pe ohun tí a fi ń ríran àti gbogbo iwájú orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni yóò pe ti ìríran ní ẹyinjú. Yorùbá kì í sì í wọn ojú bí ẹni wọn aṣọ. Bí ó ti jókòó ni wọ́n ń wí. Èyí tí ó wọnú, ó jìn kòtò. Èyí tí ó sọ síta, ó yọ gọ́ńgọ́. Arẹwà obìnrin ni ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ní ti èyí tí ó rí roboto, ohùn ni ó ń pààlà: rógódó ni ti kékeré, rògòdò ni ti ńlá.

Ṣómólú ni ọ̀rọ̀ yìí ti di wàhálà. Ta ni kò mọ Ṣómólú mọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀? Ibẹ̀ ni obìnrin kan láti Bàrígà gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyinjú ìyá òun rí rógódó. Nígbà tí ìwé jáde, rogodo ni wọ́n tẹ̀ láìsí àmì kankan.

“Ẹ má bínú, Mà,” ni ọmọkùnrin tí ó tẹ̀ ẹ́ wí, “wọ́n á mọ̀ ọ́n kà.”

Òótọ́ ni. Àwọn tí ó bá ìyá náà gbé yóò mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọmọ-ọmọ tí kò rí i rí ńkọ́? Irú ojú wo ni wọn yóò fún un?

Iṣẹ́ àmì kì í ṣe tuntun. Ọkọ ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School tí ó wà ní Bàrígà lónìí sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ṣáájú èyí, ní 1852, ni Crowther ti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé gírámà àti àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ń to lẹ́tà nígbà náà. Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣe é bí ẹni mumi.

Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó ìwé náà lọ sílé, ó mú kálàmù, ó sì fi àmì mẹ́ta sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹyinjú ìyá rẹ̀ má baà tóbi ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ.